Kí Akunlé Tó Ṣí Ọ̀dà, Ẹ Gbé Ahun Kúrò Nílé

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi máa ń kun ilé wọn bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé. Ní Ẹ̀pẹ́, Iléyá nìkan kọ́ ni wọ́n ń múra sílẹ̀ dè. Ọdún Kayòkayò máa ń tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ sí ìlú náà lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Àlejò yóò dé, ẹbí yóò ti ìdálẹ̀ wálé, kò sì sí onílé tí ó fẹ́ kí wọ́n bá ògiri rẹ̀ ní ìdọ̀tí. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà nínú ilé tí kò sí ẹni tí ń ro tirẹ̀ kí akunlé tó ṣí ọ̀dà. Ẹ̀dá náà ni ahun tí wọ́n ń sìn ní kọ̀rọ̀ àgbàlá.

Ahun sísìn kì í ṣe àṣà àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Alágbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìròyìn ikú rẹ̀ kárí ayé. Ààfin sọ pé ó lo ọdún 344. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gbà pé ahun lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ilé. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọjà Olúwo ti lókìkí fún ẹja àti ẹran ìgbẹ́, ẹlòmíràn a ra ahun fún ọbẹ̀, ẹlòmíràn a sì mú un lọ sílé kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sìn ín. Ẹni tí ó bá ti pinnu láti sìn ín ti gba ẹ̀mí rẹ̀ sọ́wọ́.

Òórùn ọ̀dà léwu fún gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ṣùgbọ́n ewu náà ga fún ẹran afàyàfà. Ahun kò lè wúkọ́ bí ènìyàn ṣe ń wúkọ́ láti lé ohun tí ó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jáde. Egungun ìhà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìkarahun, nítorí náà àyà rẹ̀ kò lè fẹ̀ bí tiwa. Iṣan inú ara ni ó fi ń mí. Yàtọ̀ sí èyí, afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú tínà àti ọ̀dà elépo wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ilẹ̀ ni ó máa ń sọ̀kalẹ̀ sí, ilẹ̀ náà sì ni ahun wà. Ajá yóò gbó, ológbò yóò sá lọ, ṣùgbọ́n ahun yóò kàn fa orí wọ inú ìkarahun ni. Àwọn ará ilé yóò rò pé oorun ni ó ń sùn.

Àwọn kan yóò sọ pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, pé alángbá àti ọmọ́nlé ń rìn lára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wọn kò sì kú. Òótọ́ ni pé wọ́n ń rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n alángbá ní ìyẹ̀ wọn. Bí òórùn bá pọ̀ jù, yóò gba ojú fèrèsé jáde. Ahun tí wọ́n fi sínú àpótí kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹni tí ó tì í mọ́lé ni ó yẹ kí ó gbé e jáde.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò náni lówó púpọ̀. Kí wọ́n gbé ahun lọ sílé aládùúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, síbi tí òjìji àti omi wà. Kí wọ́n má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ tí a tì, nítorí ooru lè pa á kí òórùn ọ̀dà tó débẹ̀. Ọ̀dà olómi sàn ju elépo lọ. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà. Nígbà òjò, ọ̀dà kì í tètè gbẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Nítorí náà, kí ahun má ṣe padà títí òórùn yóò fi tán pátápátá. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tí ìfófó ń yọ ní imú rẹ̀, tàbí tí ó kọ oúnjẹ, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán sórí ahun. Ọmọ tí ń rákò wà nílẹ̀ kan náà, ó sì ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Ọ̀dà àtijọ́ tí akunlé ń họ kúrò lára ògiri lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ a sì bà sílẹ̀. Nàìjíríà mọ ohun tí òjé lè ṣe: ní 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Ní 2021, àjọ NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣiṣẹ́ bí oníbàárà bá ń ra ọ̀dà inú ike tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kìkì nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Onílé tí ó bá ti kọ́ láti béèrè pé, "Níbo ni ahun yóò wà lónìí?" kò ní gbàgbé láti béèrè ibi tí ọmọ yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè méjèèjì yẹ kí ó ṣáájú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ kùn.