Kí ìbẹ̀rù wà níbi tó yẹ kó wà

Láti ìgbà tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ti jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Onígbòlò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìlú náà ti di ibi ìpàdé. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń dúró níbẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń ti Pọ́bẹ̀, Sàkẹ́tẹ́, Kétu àti òdìkejì ẹnubodè wá. Níbi tí onílé àti àlejò bá ti ń pàdé báyìí, ìfẹ́ kò ní ṣàì wà láàárín ọ̀dọ́, àrùn pẹ̀lú kò sì ní ṣàì wá ọ̀nà. Kò sí ìtìjú nínú sísọ ọ́. Ohun tó yẹ kó dun ni ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù níbi tí ewu kò sí, wọ́n sì ń fọkàn balẹ̀ níbi tí ewu wà.

Àṣìṣe kìíní ni ti àwọn tó ń sá fún ẹni tó ní kòkòrò VIH. Ọdún 1985 ni wọ́n ti rí aláìsàn sídà àkọ́kọ́ ní Benin. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn ilé kan wà tí wọ́n ti ń ya àwo àti ife ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Kò sí ìdí fún un. VIH kì í ti inú itọ́, òógùn tàbí omijé ranni. Kì í ti inú oúnjẹ, ìfọwọ́bọwọ́, ìdìmọ́ra tàbí ẹ̀fọn ranni. Inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ìdí àti wàrà ọmú ló ń gbà. Bí aláìsàn bá sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá a lòpọ̀. Ó yẹ kí àwọn ará Pọ́bẹ̀ mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ bí ìbẹ̀rù asán ṣe ń pa ni lára. Ìlú wọn ni ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú egbò Buruli wà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn egbò yìí ni àwọn ènìyàn ti sá fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rí pé ó ń ti ara ẹnìkan ran ẹnìkejì.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé: “A kò lòpọ̀. A kàn fẹnu konu ni, a sì fọwọ́ kan ara wa. Ewu wo ló wà níbẹ̀?” Ìdajì òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ti VIH, ìfẹnukonu àti ìfọwọ́kàn kò léwu, àyàfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láti ẹnu àwọn méjèèjì. Èyí sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ewu VIH tó wà nínú fífi ẹnu kan ojú ara ẹlòmíràn pàápàá kéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n VIH nìkan kọ́ ni àrùn tí ìbálòpọ̀ ń fà. Àtọ̀sí lè wọ ọ̀nà ọ̀fun, kó sì jókòó síbẹ̀ láìfi àmì kankan hàn. Sífílísì ń ti ojú egbò ranni, ìbáà jẹ́ ní ètè, ní ẹnu tàbí ní ojú ara. Egbò àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í dunni, ó sì máa ń jinná fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn náà kò lọ. Hẹ́pẹ́ẹ̀sì tó ń yọ bí eéwo wẹ́wẹ́ sí ètè lè bọ́ sí ojú ara; Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, bí 64 ló ní irú rẹ̀ kìíní lára. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B sì ń ranni ju VIH lọ. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ kàn.

Àjọ yìí kan náà sọ pé lójoojúmọ́, àrùn ìbálòpọ̀ tó ṣeé wò sàn tí àwọn ènìyàn ń kó lágbàáyé ju mílíọ̀nù 1 lọ, àti pé ọ̀pọ̀ wọn kì í fi àmì hàn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè máa kó o ran ẹlòmíràn. Obìnrin tó ní sífílísì lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀, oyún sì lè bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ń wò ó sàn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Ẹni tí egbò bá wà ní ètè tàbí ní ojú ara rẹ̀, kí ó dúró títí oníṣègùn yóò fi wò ó. Kápóòtì ń dáàbò boni, nígbà tí a bá fi ẹnu ṣe é pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n epo pupa, òróró àti òrí a máa bà á jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá abẹ ẹlòmíràn lò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Bí kápóòtì bá sì ya, tàbí tí wọ́n fi ipá bá ènìyàn lò, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé: oògùn wà tí a ń lò fún ọjọ́ 28 láti dá VIH dúró, ẹni tó bá sì tètè dé ló ń ṣe láǹfààní jù. Kí àwọn méjì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ nǹkan wọ̀nyí fún ọ̀dọ́ bí ìyá bá ń tijú, tí bàbá ń bínú, tí olùkọ́ sì ń fò ó kọjá? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òfin tí Benin ṣe ní ọdún 2006 lórí VIH dáàbò bo ẹni tó ní kòkòrò náà àti àṣírí rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ ìlera pa á mọ́, nítorí ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jà lónìí kò ní padà wá sí ilé ìwòsàn lọ́la. Kí ilé ìwé, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ àgbà àti ilé ìjọsìn fi èdè tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ sọ ọ́. Ọmọ tó bá mọ ibi tí ewu wà yóò yẹra fún un, yóò sì tún lè bá aláìsàn jẹun nínú àwo kan náà.