Ohun Tó Bá Ojú, Ṣé Ó Máa Ń Bá Imú?

Láìpẹ́ yìí, wọ́n bi ọkùnrin kan tó ń kó ẹja òkú Èkó wọlé léèrè lórí rédíò pé kí ló dé tí owó ẹja Titus kò wálẹ̀ nígbà tí dọ́là wálẹ̀. Ó ní ohun tó bá ojú ló bá imú, pé ìyà tó ń jẹ oníbàárà náà ló ń jẹ àwọn. Ta ni kò mọ òwe yẹn? Orí kan náà ni ojú àti imú wà, ọ̀kan kò lè jìyà kí èkejì máa jayé. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìgbà ìyà nìkan ni àwọn tó ń kó ẹja wọlé ń rántí òwe náà. Bí dọ́là bá gòkè, gbogbo wa la jọ ń sunkún. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á dá nìkan rẹ́rìn-ín. Ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ rántí ọdún 2024. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹja tó ti wà nínú kóòdù-rúùmù tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti fi dọ́là ọjọ́ tó dáa san owó rẹ̀, òun náà ni wọ́n gbé owó tuntun lé lórí. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní kì í ṣe iye tí àwọn fi rà á ni àwọn ń wò, iye tí àwọn máa fi ra òmíràn ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, oníṣòwò tí kò ro ti ọ̀la, owó á tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárín oṣù Kẹrin, náírà gbérí, dọ́là já wá sí nǹkan bíi ₦1,100. Ni ohùn bá yí padà. Wọ́n ní ọjà àtijọ́ ló ṣì wà nílẹ̀, owó gọbọi ni àwọn fi kó o wọlé, ẹ jẹ́ kó tán ná. Dọ́là tún gòkè nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n sì padà sídìí ìṣirò ti àkọ́kọ́. Bí ọjà bá ń gbówó lórí, iye tí wọ́n máa fi ra òmíràn ni wọ́n ń kà fún wa. Bó bá ń wálẹ̀, iye tí wọ́n fi ra ti tẹ́lẹ̀ ni. Òṣùwọ̀n méjì ní ìsọ̀ kan! Ẹni tó ń ṣe èyí kò lẹ́nu láti sọ pé òun àti oníbàárà jọ ń jìyà.

Wọ́n á ní epo jẹnẹrétọ̀ kóòdù-rúùmù ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ yẹn náà ló ń mu epo lọ́jọ́ tí wọ́n gbé owó sókè, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn nígbà náà. Ẹ fìyẹn sílẹ̀.

Èyí tí mo lè gbà ni ti òkun. Titus tó ń ti Norway àti Scotland wá ti ń dín kù nínú omi. Ní 2025, ICES, àjọ àwọn onímọ̀ nípa òkun, dámọ̀ràn kí wọ́n dín pípa rẹ̀ kù pẹ̀lú 70% fún ọdún 2026. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n á wọ́n, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ìmọ̀ràn 2025 kò lè jẹ́ àwáwí fún 2024, kò sì kan ẹja Kote tí wọ́n ń pa ní omi Mauritania àti Namibia.

Ẹni tí gbogbo ìbínú yìí ń dà lé lórí ló dùn mí jù: ìyá ẹlẹ́ja inú ọjà. Òun ni wọ́n ń pè ní olè. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìdájí ni obìnrin yìí ti ń jí lọ ra páálí kan tàbí méjì, ogún kílò ní páálí kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n bá sì pè é ni yóò san. Yóò la yìnyín rẹ̀, yóò máa wọ̀n ọ́n tà ní kílò kílò. Bí oòrùn bá mú, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò sí iná tó dúró ire tó lè fi tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, èyí tí kò bá tà, yóò kó o lé orí ààrò, yóò yan án. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ kó ẹja pamọ́ de dọ́là? Nígbà mìíràn ẹ̀rù oníbàárà máa ń bà á débi pé kò ní fi owó kún un, yóò kàn gé ẹja sí wẹ́wẹ́ sí i ni.

Ilé yìnyín Ìjọra àti èbúté Àpápá ni ẹ̀tẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò lè kàn dìde kó ẹja wọlé: ìjọba àpapọ̀ ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ, òun ló sì ń pín iye tí olúkúlùkù lè kó. Láti ìgbà tí Akinwumi Adesina ti jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn ni wọ́n ti kéde pé àwọn máa dín ìpín náà kù ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin lọ́dọọdún, kí a lè máa sin ẹja tiwa. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ tó di ilẹ̀kùn mú bá ṣe kéré tó ni ó ṣe máa ń rọrùn fún wọn tó láti ṣí i fún ọ̀wọ́n, kí wọ́n sì tì í mọ́ ẹ̀dínwó. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, fún àwọn oníṣòwò ní oṣù kan láti sọ owó ọjà kalẹ̀. Kí ni ìyá tó ń ra páálí kan fẹ́ sọ kalẹ̀?

Ìwé àṣẹ yẹn ni kí ìjọba fi de àwọn tó ń kó ẹja wọlé. Kí ẹni tó bá gbà á máa lẹ iye tó ń ta páálí kan mọ́ ara ilẹ̀kùn kóòdù-rúùmù rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú iye dọ́là tó fi kó ẹja ọjọ́ náà wọlé, kí gbogbo ayé lè rí i. Títí dìgbà náà, bí ẹ bá dé ọjà tí inú ń bí yín, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá ẹlẹ́ja ní iye tí wọ́n ta páálí fún un láàárọ̀.