Orúkọ iléeṣẹ́ lára sọ̀wédowó kò lè gba ọ̀gá lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n

Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Àìlégùn, Ìsọlọ̀ àti Ọ̀ṣòdì ló ti forúkọ kọ́ḿpìnnì wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé kọ́ḿpìnnì dá dúró láyè ara rẹ̀, pé gbèsè rẹ̀ kì í ṣe gbèsè ẹni tó dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òótọ́ yìí kò dé, ìyẹn orí sọ̀wédowó tí báǹkì dá padà nítorí pé kò sówó nínú àkáǹtì. Níbẹ̀, òfin máa ń kọjá lára orúkọ iléeṣẹ́, á sì di ọ̀gá mú.

Ọdún 1977, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn fi sọ̀wédowó tí kò lówó nínú gba ọjà tàbí àwìn. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí báǹkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, tí báǹkì dá a padà torí àìtó owó, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà nínú òfin fún ẹni tó jẹ̀bi, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ kọ́ḿpìnnì ló jẹ̀bi, owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní N5,000 ni. Iléeṣẹ́ kò ṣeé tì mọ́lé, èèyàn ló ṣeé tì mọ́lé. Ìdí nìyẹn tí òfin náà fi sọ pé bí dárẹ́kítọ̀, máníjà tàbí akọ̀wé iléeṣẹ́ bá mọ̀ sí i, tó fọwọ́ sí i, tàbí tó jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òun náà jẹ̀bi, ìyà ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa fi jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àìbìkítà yẹn ló yẹ kó ba àwọn tọkọtaya tàbí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó jọ ń ṣòwò lẹ́rù. Ẹnì kan máa ń fọwọ́ sí odindi ìwé sọ̀wédowó sílẹ̀, kí ẹnì kejì lè kọ iye owó tó bá fẹ́ sí i nígbà tí òun ò bá sí nílé. Bí báǹkì bá dá ọ̀kan padà, kò rọrùn kí ẹni tó fọwọ́ sí i lófìfo sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kì í ṣe gbájú-ẹ̀ nìkan ni òfin yìí ń mú. Ká ní ẹnì kan ń ṣe búrẹ́dì ní Àìlégùn. Owó fúláwà àti dísù ti wọ́n sí i, àwọn tó ń bá a ta búrẹ́dì sì jẹ ẹ́ lówó. Oní-fúláwà wá sọ pé òun kò ní í já ọjà mọ́ àfi tí sọ̀wédowó bá wà nílẹ̀. Ẹni tó ń ronú pé ikú yá jẹ̀sín á kọ sọ̀wédowó oṣù tó ń bọ̀, á gba fúláwà, á sì máa gbàdúrà pé kí owó wọlé. Kì í ṣe olè, omi ló ti mù ún dé ọrùn.

Òfin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo: kó fi hàn ní kóòtù pé lọ́jọ́ tí òun kọ sọ̀wédowó náà, òun nígbàgbọ́ pé owó máa wà níbẹ̀, àti pé ìdí gúnmọ́ wà fún ìgbàgbọ́ òun. Òun ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Lẹ́tà oníbàárà tó dá ọjọ́ tí yóò san owó, tàbí ìwé báǹkì pé wọ́n ti fọwọ́ sí owó àyálò, ṣeé gbé síwájú adájọ́. “Ọlọ́run á ṣe é” kò ṣeé gbé síwájú rẹ̀.

Àwọn kan rò pé bí kọ́ḿpìnnì bá ti wọ gbèsè kọjá agbára rẹ̀, tó kógbá wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Òfin CAMA ọdún 2020 la ọ̀nà sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó wọ gbèsè láti bá àwọn tó jẹ lówó ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n àdéhùn lórí gbèsè yàtọ̀ sí ẹ̀sùn ọ̀daràn. Òfin kan náà sọ pé dárẹ́kítọ̀ tó mọ̀ pé kọ́ḿpìnnì òun kò lè là á já mọ́, síbẹ̀ tó ń bá òwò lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, lè fi owó ara rẹ̀ san nínú gbèsè náà. Ní Íńdíà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2021: nígbà tí kọ́ḿpìnnì bá wà lábẹ́ ààbò òfin gbèsè, ẹjọ́ sọ̀wédowó dúró lórí kọ́ḿpìnnì, ṣùgbọ́n kò dúró lórí dárẹ́kítọ̀.

Òtítọ́ ni pé oní-fúláwà náà lọ́mọ nílé. Bí ẹ̀rù ò bá sí, ìwé lásán ni sọ̀wédowó máa dà. Ṣùgbọ́n òfin tó fi ọdún méjì lélẹ̀ fún èèyàn láìsí owó ìtanràn, tó sì ní N5,000 lè tó fún kọ́ḿpìnnì, yẹ ní àtúnṣe. Àwọn ará Íńdíà ń fún ẹni tó kọ sọ̀wédowó ní ọjọ́ 15 láti san owó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fìwé kìlọ̀ fún un, adájọ́ sì lè mú owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin Nàìjíríà wo èyí, kí olè àti ẹni tó rì sínú gbèsè má baà máa jẹ ìyà kan náà.

Kó tó dìgbà náà, kí ẹni tí wọ́n jẹ lówó má sọ ọlọ́pàá di agbowó. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn òwò lásán. Kí ẹni tó jẹ gbèsè náà sì rántí pé lọ́dún 2020 ni CBN kéde pé ẹni tó bá kọ irú sọ̀wédowó yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní í rí owó yá ní báǹkì fún ọdún 5.

Bí owó kò bá sí, ẹ pe ẹni tí ẹ jẹ, ẹ sọ fún un, ẹ kọ àdéhùn tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì máa san díẹ̀díẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ẹnu ni kí onígbèsè fi bẹ̀bẹ̀, kó má fi sọ̀wédowó bẹ̀ ẹ́.