*ÀGBO KAN Ò LÈ SỌ SS DI AA*

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí àwọn kan, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọ ọdún mẹ́fà wá. Ojú ọmọ ti funfun, ó ń mí hẹlẹ. SS ni. Oṣù mẹ́ta ni kò ti lo oògùn rẹ̀, torí ẹnì kan ta àgbo fún ìyá rẹ̀, ó ní yóò fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà di AA. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kó tó yè é.

Mi ò bá àgbo jà. Ìyá mi fi àgbo ibà tọ́ mi. Irọ́ ni mò ń bá jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdìrẹ Ìtòkú, ẹ mọ páànù tí wọ́n gé ọnà sí, tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Bí wọ́n bá gé páànù ṣì, gbogbo aṣọ tó bá ti abẹ́ rẹ̀ jáde ló máa gbé àṣìṣe náà. Ẹ fọ aṣọ títí, páànù ò yí.

Bẹ́ẹ̀ lara rí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo la fi bẹ̀rẹ̀ nínú oyún: bàbá fún un ní ìdajì, ìyá fún un ní ìdajì. Ìlànà inú rẹ̀, DNA, ni páànù wa. Lára ọmọ SS, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì nínú ìlànà ẹ̀jẹ̀, bàbá àti ìyá ló sì fún un. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ AA ń lo bí 120 ọjọ́. Ti SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé, kì í sì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Kí àgbo tiẹ̀ fọ gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà dànù, mùdùnmúdùn á tún ṣe SS mìíràn.

Ẹ ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ lágbájá ṣe àyẹ̀wò, ó ti di AA." Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún un ni àyẹ̀wò rí! Àwọn dókítà tó ń yí i pa dà, mùdùnmúdùn gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀. Wọ́n ṣe é ní UBTH, Benin, lọ́dún 2011. Kì í ṣe iṣẹ́ inú ìgò.

Ẹ jọ̀ọ́:
✅ Folic acid àti Paludrine lójoojúmọ́, omi dáadáa.
✅ Bí ara bá gbóná tàbí ojú bá funfun, ẹ gbé ọmọ lọ sí FMC Ìdí-Àbà tàbí Láńtòro lójú ẹsẹ̀.
✅ Kí ọmọ yín ṣe àyẹ̀wò kó tó di mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS.
❌ Ẹ má pe ọmọ ní àbíkú, ẹ má dá ìyá rẹ̀ nìkan lẹ́bi.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.