Ọjà Oṣù Kẹrin, Ikọ̀ Oṣù Kọkànlá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ìgbà ooru, ọmọkùnrin gíga kan láti Èkó a máa gba gbọ̀ngán eré ìdárayá Fonde lọ ní ìlú Houston. Moses Malone, ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ni wọ́n jọ ń wọ̀yá ìjà lábẹ́ àwọ̀n, Malone kì í sì í fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un. Hakeem Olajuwon kò tíì pẹ́ nídìí eré náà rárá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ti ń gbá nílé tẹ́lẹ̀. Ọdún tó kọ́kọ́ lò ní Yunifásítì Houston, kò gbá ìdíje kankan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó pẹ́ lórí pápá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní ìpele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé North Carolina State ló fi àmì ayò 54 sí 52 gba ife mọ́ Houston lọ́wọ́.

Ohun tí ìgbà ìsinmi wà fún nìyẹn nígbà kan rí. Ọmọ á lọ wá ẹni tó jù ú lọ, á jìyà lọ́wọ́ rẹ̀, á padà sí ilé-ìwé tó ti kúrò, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì rí i pé ó ti di ẹlòmíràn. Lónìí, ọjà ni wọ́n fi ìgbà ìsinmi ná. Kí eruku ìdíje oṣù kẹta, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń du ife orílẹ̀-èdè, tó rọlẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ti ń ka ọmọ-ìka: ta ló ń lọ, ta ló ń bọ̀, èló ni wọ́n máa san fún ọmọ gíga tó wà ní yunifásítì kékeré yẹn, kí ló dé tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa kò tíì rí ẹnikẹ́ni mú? Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Houston, Chicago àti Atlanta ṣe ilé wà nínú àríyànjiyàn yìí dáadáa. Nínú ilé mìíràn, ọmọ tí wọ́n bí gan-an ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn yìí fi dá sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débí kò ṣòro láti sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùsùn àti oúnjẹ ni gbogbo ohun tí òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gbà kí ọmọ jẹ nídìí iṣẹ́ tó ń mú owó rẹpẹtẹ wọlé fún àwọn ẹlòmíràn. Tó bá sì fẹ́ ṣí lọ sí ilé-ìwé mìíràn, ó gbọ́dọ̀ jókòó fún odindi ọdún kan kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àjọ náà ṣí pọ́tàlì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó bá fẹ́ ṣí yóò fi orúkọ sí. Ní ọdún 2021, wọ́n gbà kí ọmọ ṣí lẹ́ẹ̀kan láìjókòó, wọ́n sì gbà kó fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ pa owó láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje. Ilé-ẹjọ́ kan ní West Virginia dá sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin ọdún 2024, iye ìgbà tó bá wu ọmọ ló lè ṣí, tí ìwé rẹ̀ bá ṣáà ti ń lọ dáadáa. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn yunifásítì máa san owó fún àwọn eléré wọn fúnra wọn. Dọ́là mílíọ̀nù 20.5 ni òpin ohun tí ilé-ìwé kan lè san ní ọdún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá rẹ̀ lápapọ̀. Dọ́là bílíọ̀nù 2.8 sì ni wọ́n ní kí wọ́n pín láàárín ọdún mẹ́wàá fún àwọn tí wọ́n ti lò láìsanwó.

A ò sí lára àwọn tó ń fi ìka gún ọmọ lójú pé ó lójú kòkòrò nítorí pé ó ṣí. Ní ọdún 2024, John Calipari fi Kentucky sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gba Arkansas lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó fún ọdún kan. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní Kentucky, Mark Pope, bá ilé tó ti ṣófo, ó sì ní láti kó ikọ̀ tuntun jọ láti ìpìlẹ̀. Bí ọ̀gá bá lè ká ẹní rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni de ọmọ ogún ọdún mọ́ òpó. Owó tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, ó sì ti pẹ́ jù kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tí a ń bá àwọn olólùfẹ́ jà lé lórí yàtọ̀. Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé tí a bá ti ra ènìyàn, a ti ra ikọ̀. Aṣọ ẹbí kì í sọ ará òde àríyá di ọmọ ìyá. Ènìyàn márùn-ún ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, pápá ọ̀hún kò sì tóbi. Tí ọ̀tá bá já gba ọ̀dọ̀ ẹnì kan kọjá, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti gbéra láti dí àlàfo yẹn kí ojú tó mọ̀ pé àlàfo wà, ẹnì kẹta sì gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí ipò ẹni tó gbéra. Àwọn tó ti jọ kùnà, tí wọ́n ti jọ bá ara wọn wí, tí wọ́n sì mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú wọn, ló lè ṣe é láìwẹ̀yìn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ẹ wo Kansas. Kí sáà 2024/2025 tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ni àwọn oníròyìn Associated Press fi sí ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n ti mú àwọn àlejò olórúkọ wá kún àwọn àgbà tó wà nílé. Àwọn olólùfẹ́ ti ń ṣírò bí wọn yóò ṣe gba ife. Ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdíje oṣù kẹta ni Arkansas ti fi àmì ayò 79 sí 72 lé wọn sílé. Ká má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kí àwọn àtijọ́ ṣáà ti padà ló tó. North Carolina kó mẹ́rin nínú márùn-ún tó ń ṣíwájú eré padà fún sáà 2022/2023 lẹ́yìn tí wọ́n ti dé àṣekágbá, ipò kìn-ín-ní kan náà ni wọ́n fi wọ́n sí, wọn ò sì ríbi wọ ìdíje oṣù kẹta rárá. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí ikọ̀ ipò kìn-ín-ní kankan ṣáájú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti sọ iye àwọn tó ń wọ ìdíje náà di 64 ní ọdún 1985. Ìṣirò orí bẹ́ǹṣì ìgbà ooru kì í ṣe gbèsè tí àwọn ọmọ jẹ ẹnikẹ́ni.

Òdodo ni pé ọjà náà a máa yè nígbà mìíràn. Louisville fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún tí wọ́n sì borí lẹ́ẹ̀mẹjọ péré ní sáà 2023/2024. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Pat Kelsey, dé, ó kó ènìyàn tuntun jọ, wọ́n sì borí lẹ́ẹ̀mẹtàdínlọ́gbọ̀n ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń jiyàn fún ọjà máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù láti fi ṣe ẹ̀rí ni Florida tó gba ife ní ọdún 2025, ibẹ̀ gan-an ni a ti fẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa. Lóòótọ́ ni pé ilé-ìwé mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣíwájú eré wọn ti wá. Will Richard ti Belmont wá ní ọdún 2022. Walter Clayton ti Iona wá ní ọdún 2023. Ọdún 2024 ni Alijah Martin ti Florida Atlantic dé, òun àti Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lo ọdún kan ní Washington State. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Colorado fi àmì ayò 102 sí 100 lé Florida lọ ní ìpele àkọ́kọ́, síbẹ̀ Clayton padà sí Florida. Richard náà padà. Ipò 21 ni àwọn oníròyìn fi wọ́n sí kí sáà tó gbé ife wá tó bẹ̀rẹ̀. Àlejò tó ti pẹ́ títí ó fi di ọmọ ilé ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì bá wọn nínú ilé, wọ́n kọ́ ìwà ilé.

Ọmọ tiwa kan wà tí ìtàn rẹ̀ dára ju gbogbo èyí lọ lójú wa. Ayo Dosunmu, ọmọ Chicago, wọ Illinois ní ọdún 2018. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, wọ́n borí lẹ́ẹ̀méjìlá. Ó dúró. Sáà kejì, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, àrùn kòrónà sì fagi lé ìdíje oṣù kẹta. Ó sọ pé òun fẹ́ lọ di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, ó tún inú rò, ó padà. Ní ọdún 2021, Illinois gba ife ìdíje líìgì Big Ten, òun náà sì wọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Loyola Chicago já wọn ní ìpele kejì nínú ìdíje oṣù kẹta. Síbẹ̀, nọ́ńbà 11 rẹ̀ wà lókè gbọ̀ngán Illinois. Kò gba ife orílẹ̀-èdè. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ fi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n wo ọmọ kan tó dàgbà lójú wọn fún ọdún mẹ́ta. Èyí ni ohun tí ìpolówó ọjà kò lè tà fún ẹnikẹ́ni, òun náà sì ni àwọn tó ń pariwo kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ikọ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn gé kúrò.

Àwọn ilé-ìwé kékeré ló ń jìyà jù. Saint Peter's, ilé-ìwé kékeré ní New Jersey, lé Kentucky lọ ní ọdún 2022, ó sì dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Kí ìgbà ooru tó parí, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ti lọ sí Seton Hall, àwọn ọmọ tí gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ wọn sì ti fọ́n ká. Nínú ikọ̀ mẹ́rìndínlógún tó kù nínú ìdíje ọdún 2025, kò sí ọ̀kan tó wá láti líìgì kékeré. Ní ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ni pọ́tàlì ṣí, nígbà tí ikọ̀ mẹ́rìndínlógún yẹn ṣì ń jà. Ọjà ṣí nígbà tí ìjọsìn kò tíì parí.

Sí àwọn òbí ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ọmọ wọn ga, tí ẹnì kan sì ti ń sọ fún wọn nípa dọ́là: ẹ ṣe sùúrù kí ẹ gbọ́ èyí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yín yóò bá wọ Amẹ́ríkà, físà náà kò sì fàyè gba iṣẹ́ owó bí ti ọmọ onílẹ̀. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tí wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ọdún 2022, ní láti dúró dìgbà tí Kentucky rìnrìn-àjò lọ sí Bahamas kó tó ṣe ìpolówó tó gbówó lé. Ẹ má gba iye owó tí ẹnikẹ́ni bá pè láìbi amòfin tó mọ̀ nípa físà. Ẹ sì béèrè nípa ìwé, nítorí pé ọmọ tó bá lo ilé-ìwé mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́rin lè rí i pé èyí tó kọ́ ní ilé-ìwé kìn-ín-ní, ilé-ìwé kẹrin kò kà á sí. Eékún lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ẹ̀rí ni yóò kù.

Sí àwọn yunifásítì, oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Kí wọ́n kọ àdéhùn ọdún méjì sílẹ̀, tó de ilé-ìwé bó ti de ọmọ, kí ilé-ìwé má lè fi ọmọ tó farapa sílẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ilé-ìwé tó bá gba ọmọ kẹ́yìn gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí tó fi gboyè, bó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí kò gbá á mọ́.

Àti sí àwọn olólùfẹ́: ẹ máa jiyàn, eré ni, àríyànjiyàn ló ń mú un dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè ẹni tí wọ́n rà, ẹ béèrè ẹni tó padà. Ẹ jẹ́ kí oṣù kìíní wọlé kí ẹ tó sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọ iṣẹ́. Ẹ sì fi fóònù àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ní ọdún 2024, Armando Bacot ti North Carolina sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn èèyàn kọ ọ̀rọ̀ burúkú tó lé ní ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sí òun nítorí tẹ́tẹ́ tí wọ́n ta. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025, ní San Antonio, Houston, ilé-ìwé Olajuwon, tún dé àṣekágbá. Wọ́n fi àmì ayò méjìlá ṣíwájú Florida ní abala kejì, Florida sì lé wọn bá, ó kọjá. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì ayò 65 sí 63, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Emanuel Sharp ti Houston. Ó fò láti jù ú, ó rí ọwọ́ Clayton níwájú rẹ̀, ó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Òfin kò gbà kó fọwọ́ kàn án mọ́. Ó dúró tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń ta lórí pápá, títí ọmọ Florida kan fi bẹ́ lé e lórí tí àkókò sì pé. Àmì ayò méjì péré, gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún 1983. Pọ́tàlì wà ní ṣíṣí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, aṣọ Houston ṣì ni Sharp wọ̀ jáde, Joseph Tugler àti Milos Uzan, tí wọ́n jọ gbá àṣekágbá yẹn, sì wà pẹ̀lú rẹ̀.