Nígbà Tí Ìjọba Bá Gbé Bàbá Lọ Sí Òkè Òkun

 

Ìyá àgbà kan láti Ògè, níbí ní Òkè-Àgbè, dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti gbé e lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ni yóò bá a lọ. Màmá ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi èyí àgbà sílẹ̀ fún mi. Ó ti wà ní SS2. Kí ló fẹ́ fi èdè Jámánì ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí lára, nítorí mo ti dáhùn irú rẹ̀ rí, mo sì ṣì í dáhùn. Ó tó ogún ọdún báyìí. Èmi ni mo gba tọkọtaya kan nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ má baà dàrú. Ẹ̀kọ́ kò dàrú, ó yege WAEC. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn bí ẹni kí àlejò, ó sì padà sínú yàrá. Bàbá rẹ̀ wò mí. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà mo sọ fún màmá pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bá wọn lọ." Nínú lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn tó wà ní Bábílónì (orí 29), kò ní kí wọ́n pín ilé sí méjì, ó ní kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé tọmọtọmọ.

Ẹ̀yin ará Òkè-Àgbè, ṣé ó yẹ kí èdè máa dẹ́rù bà wá? Àfá ní bí wọ́n ti ń sọ tiwọn, Ògè ní tiwọn, Àjè àti Ùdò náà ní tiwọn. Ọmọ wa á gbọ́ tilé, á gbọ́ Yorùbá, á tún bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní wàhálà. Àwọn ọmọ kéékèèké yóò tètè gbọ́ Jámánì. Èyí tí mo bẹ̀rù ni pé kí bàbá àti ìyá má fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò èdè ilé. Mo ti rí ibi tí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ti ń wo ara wọn bí odi.

Ti èyí àgbà gba ìṣọ́ra. Iléèwé tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni wà ní Berlin, ṣùgbọ́n owó wọn kì í ṣe kékeré. Kí bàbá béèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí ìjọba yóò san. Àwọn ìdánwò kan wà tí ẹ̀kọ́ wọn ń gba ọdún méjì gbáko. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ padà sẹ́yìn ní kíláàsì kan, kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Kí wọ́n gba rìsọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ iléèwé, kí wọ́n sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, nítorí láti 2020 ni òfin Jámánì ti ní kí iléèwé máa béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ èéyi.

Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní 1961 dáàbò bo ìdílé aṣojú ìjọba, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí iṣẹ́ fún ìyàwó. Ó dá lórí ohun tí ìjọba méjèèjì bá fohùn sí. Obìnrin tó ti ń kọ́ ọmọ ogójì ní kíláàsì lè wá di ẹni tó ń wo ojú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ wá a lọ sílé. Ẹ má dúró dìgbà tí yóò sọ pé òun dá wà.

Páàsípọ́ọ̀tù aṣojú ìjọba kì í sì í gba ènìyàn lọ́wọ́ ìwọ̀sí. Ní 1961, ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà Route 40 ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti ta oúnjẹ fún Adam Malick Sow, aṣojú orílẹ̀-èdè Chad, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dójú ti ìjọba Kennedy, Pedro Sanjuan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sì ní láti máa wá ilé gbígbé fún àwọn aṣojú Áfíríkà, torí àwọn onílé ń tì wọ́n. Ayé ti yí padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọdé ní pápá iléèwé kò tíì yí tán. Bí ọmọ bá dé láti iléèwé, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè máàkì. Ẹ bi í pé, "Ta ni ẹ jọ jẹun lónìí?" Bí kò bá sí ẹnì kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ rí olùkọ́.

Màmá dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òtútù wọn ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń ta kóòtù níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó mú fóònù wá bá mi kí n fi bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ hàn òun. Ó ní èdè Ògè ni òun yóò máa fi ránṣẹ́ sí wọn, òun ni kí wọ́n sì fi dáhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun kò ní gbọ́.