Èéfín Ẹran Sísun Nínú Ọgbà Alájọgbé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí kò ju ọ̀rọ̀ ẹran sísun lọ. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko mọ̀ pé bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé bá ti lù, ó ṣòro kí ènìyàn rìn kọjá ilé mẹ́wàá kí òórùn ẹran, ẹja tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lórí ẹyín iná má ta sánsán sí i nímú. Àwọn kan ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn mìíràn kàn gba owó oṣù ni. Àgbá irin kan tí wẹ́dà là sí méjì, àwọ̀n wáyà àti àpò èédú kan ti tó. Bábékíù ni wọ́n ń pè é.

Oúnjẹ náà dùn, n kò ní purọ́. Àsun tí ata rodo àti àlùbọ́sà wọ̀ lára kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ̀. Ibi tí a ti ń sun ún gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí kòkòrò bá lè ṣe báyìí, kí ni a ó ti sọ nípa odidi ewúrẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ilé tí à ń gbé. Alàgbà Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ni ìjọba rẹ̀ kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ti Ìbà sì wà lára wọn. Ọdún 1983 yẹn náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Láti ìgbà náà, àwọn onílé kò sinmi: ibi tí ààyè kékeré bá ti kù ni yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ń hù sí. Àwọn ilé ‘face-me-I-face-you’ tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Fèrèsé ẹnìkan kọjú sí fèrèsé ẹnìkejì, okùn ìsáṣọ kan ni ìdílé mẹ́rin ń lò, àgbàlá kékeré kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pín. Bí èéfín bá rú nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò lọ ju inú yàrá ẹlòmíràn.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná máa ń wà, ìyẹn ni pé àwọn baba wa ti ro ọ̀rọ̀ èéfín kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Bí aáwọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, baálé wà níbẹ̀ tí yóò dá a. Lónìí, ọgbà kan ní Okokomaiko lè ní ọmọ Àwórì tó ni ilẹ̀, Ẹ̀gùn láti Badagry, ọmọ Ìgbò tó ń tajà ní Alaba, Haúsá kan àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìkìrun. Kò sí baálé kan tí gbogbo wọn jọ ní. Ohun tí wọ́n jọ ní kò ju kànga, ẹnubodè àti afẹ́fẹ́ lọ.

Mo ní ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọgbà tí mo ń gbé lẹ́yìn Ìyànà Ìbà ní yàrá mẹ́rìnlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tó ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí kò sì rí iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun àsun ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn ènìyàn ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ láti orí WhatsApp, ọlọ́kadà sì ń gbé e lọ fún wọn. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yàrá ìyá kan ni ó ń gbé àgbá rẹ̀ sí, ọmọ ìyá náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, sì ní ikọ́ fée. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá yìí bá a sọ̀rọ̀.

“Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kò lè mí dáadáa.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ kàn ti fèrèsé pa, mo ti fẹ́ẹ̀ parí.”

Ta ni yóò ti fèrèsé pa nínú ooru Èkó, nígbà tí kò sí iná mànàmáná? Ní Sátidé kẹrin, ìyá náà gbé garawa omi tí ó fi fọ aṣọ, ó dà á sórí iná, sórí ẹran, sórí gbogbo rẹ̀ pátá. Eérú fò sókè, ó sì bà lé aṣọ funfun tí nọ́ọ̀sì kan sá sórí okùn. Báyìí ni ìjà ẹni méjì ṣe di ti ẹni mẹ́ta. Ariwo náà dé títì.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni a ṣe ìpàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ dá ìyá náà lẹ́bi, nítorí owó ẹran kì í ṣe owó kékeré mọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá béèrè pé kí gbogbo ẹni tó ti jẹ nínú àsun náà rí nawọ́. Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè. Ó tún ní kí ẹni tó ti lọ wo ọmọ náà nígbà tí ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu nawọ́. Ọwọ́ méjì péré la rí. Láti ìgbà náà ni ohùn ìpàdé ti yí padà.

Lójú tèmi, ìyá náà jàre lórí èéfín, kò sì jàre lórí omi. Ibi tí ìpàdé náà parí sí kò jìnnà sí èyí: ó san ìdajì owó ẹran, ó sì san án tìbínú-tìbínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àgbá rẹ̀ jáde sí ìta ògiri, lẹ́bàá gọ́tà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé. Agogo márùn-ún ni yóò máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ti ká aṣọ kúrò lórí okùn. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò kan ilẹ̀kùn ìyá náà láti sọ fún un bóyá òun yóò sun ẹran lọ́la tàbí òun kò ní sun. Ó ní ìta yẹn kò gbà òun, pé eruku pọ̀ àti pé àwọn àgbèrò máa ń wá tọrọ jẹ. Òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì kò tíì padà di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kí ara wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lọ́wọ́, ẹnìkan béèrè pé ṣé òfin wà fún un. Ó wà, bí kò tilẹ̀ dárúkọ ẹran sísun. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbádùn ibi tó ń gbé ní àlàáfíà. Òfin náà yọ Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan àwa ará Ọ̀jọ́ gbọingbọin. Àjọ LASEPA ló ń bójú tó ariwo àti ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ àyíká jẹ́. Nítorí náà, bí orin bábékíù bá ń mi ògiri títí di agogo méjì òru, ibẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ. Ìjọba Èkó sì tún ní ilé ìlàjà, Citizens’ Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń parí aáwọ̀ láàárín ara wa láìgba kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àsun lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ó kàn dára kí ènìyàn mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí garawa omi.

Àwọn ará Spéènì, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé fúláàtì bíi tiwa, ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ní òfin kan fún ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ni. Àwọn onílé inú ọgbà kọ̀ọ̀kan ló ń yan alága láàárín ara wọn, wọ́n sì lè ṣe ìlànà tiwọn nípa bábékíù. Bí ẹnìkan bá ń ṣe ohun tó ń ni àwọn yòókù lára tàbí tó léwu, alága ni yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Bí kò bá gbọ́, ìpàdé lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì lè sọ pé kò gbọdọ̀ lo ilé ara rẹ̀ fún ìgbà tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Ilé tirẹ̀, tí ó fowó ara rẹ̀ rà! Ìyẹn ti le jù fún mi, àmọ́ ètò ìkìlọ̀ àti ìpàdé yẹn wù mí, nítorí ọgbà wa náà lè ṣe é láìsí adájọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ibi afẹ́fẹ́, nítorí ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀ tí a kì í lò. Ìhà gúúsù wa ni òkun wà. Ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé, àfi ìgbà ọyẹ́ tí ó máa ń wá láti òkè Haúsá. Ẹni tó bá gbé iná sí apá gúúsù ọgbà ti fi gbogbo ilé sójú ọ̀nà èéfín. Apá àríwá ni kó gbé e sí. Kí ó tó dáná, kí ó ju ìyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sókè kó wo ibi tí yóò gbà. Ẹ tún wo àwọn málàámù tó ń ta sùúyà: ẹ̀bá títì ni wọ́n ń jókòó sí, ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ráyè. Wọn kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí.

Ewu gidi wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti igba ẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020. Èédú tó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Nítorí náà, bí òjò bá ká yín mọ́ ìdí àgbá, ẹ gbé ẹran wọlé, kí ẹ fi iná sílẹ̀ fún òjò. Ẹ má ṣe gbé e sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sí bákónì, ẹ má sì gbé e sítòsí jẹnẹrétọ̀ tàbí sílíńdà gáàsì. Ẹ má fi bẹntiróòlù tan iná. Nígbà Iléyá, ẹ má fi táyà wi orí àgbò. Májèlé ni èéfín rẹ̀ fún ẹni tó ń wi í àti fún ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́. Bí iná bá sì ju agbára yín lọ, nọ́ńbà 112 tàbí 767 ni ti Èkó.

Ní ti àwo ẹran, àṣà wa ni pé kí a bu díẹ̀ fún aládùúgbò, pàápàá bí aboyún bá wà nínú ọgbà. Ẹ bù ú kí àlejò tó dé, kì í ṣe egungun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Síbẹ̀, àwo ẹran kì í ṣe owó ìtanràn. Ẹni tí èéfín ń dà láàmú lè jẹ ẹran yín kó sì tún bá yín wí, kò ṣe àìmoore. Bí ẹ bá fẹ́ sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí àgbá tí gbogbo ọgbà dá owó rà, ẹ ra àwọ̀n mìíràn sọ́tọ̀ fún un, nítorí àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín yín. Ní oṣù Ramadan, ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ ná.

Ẹ̀yin tí èéfín ń bá jà náà, ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá onítọ̀hún nígbà tí kò sí àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an: “ọmọ mi ní ikọ́ fée” yàtọ̀ sí “ẹ̀yin kò ní ẹ̀kọ́.” Ẹ má gbé e sórí gbàgede WhatsApp ọgbà kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó ku eérú. Èédú tó dà bíi pé ó ti kú ṣì lè gbiná jẹ ní ọjọ́ kejì. Garawa iyanrìn méjì ni kí ẹ gbé sítòsí kí ẹ tó ṣá iná. Bí ẹ bá parí, ẹ dà á lé e, kí ẹ fi páànù bò ó títí yóò fi tutù pátápátá, kí ẹ tó kó o sínú àgbá ìdọ̀tí tí ọkọ̀ PSP ń wá gbé. Oníke ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbá náà.